Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Jẹ́jẹ́, Ẹni Tó Sọ Asẹ́ Ìyẹ̀fun Di Sàlẹ́ńsà

Ètò ayé ni pé ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Odò tó ń gba omi tí kò rí ibi tú u sí a di àbàtà. Ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé a máa mú ìyàwó ilé sunkún láìṣọ̀fọ̀. Ẹni tó bá sì mí sínú, dandan ni kó mí síta, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ ìránṣẹ́. Òfin yìí ni olóògbé tí a wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún lónìí fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀ wá bá ẹbí kẹ́dùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹ̀rín bá já bọ́ lẹ́nu yín níbi tó yẹ kí omijé ti bọ́, ẹ má ṣe tọrọ àforíjì. Olóògbé fúnra wọn kì bá tí bínú.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1946 ni wọ́n bí olóògbé, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn òbí wọn. Bàbá wọn ń tún aago ṣe, ìyá wọn ń ṣe búrẹ́dì. Nínú ilé ẹni tó ń tún aago ṣe, èèyàn kì í sín, ká má tíì sọ pé yóò pariwo, nítorí pé èémí kan ṣoṣo tó bá lágbára ti tó láti gbé irin aago bíńtín lọ, kí gbogbo ilé sì fi ọjọ́ mẹ́ta wá a lórí ìkúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni olóògbé ti kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ wọ́n ní Jẹ́jẹ́, orúkọ náà sì bá wọn dé ọjọ́ ikú.

Láti ọdún 1952 sí 1960 ni olóògbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àga iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, síbẹ̀ odindi sáà kan wà tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ fi sọ pé Jẹ́jẹ́ kò wá rárá. Olùkọ́ ń pe orúkọ, olóògbé ń dáhùn, etí kan ò sì gbọ́. Ìyá wọn ló lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jà. Ìyá kò jẹ́jẹ́ ní tiwọn.

Ní ọdún 1961, wọ́n fi olóògbé kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún alùpùpù ṣe. Ọ̀gá náà wò wọ́n títí fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní, "Jẹ́jẹ́, ẹ́ńjìnì ń sọ̀rọ̀, ìwọ ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì á mọwọ́ ara yín." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Olóògbé a gbé etí lé irin, wọn a mi orí, wọn a sì fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún. Ọdún 1968 ni wọ́n gba òmìnira. Alùpùpù kan tó ti dojú bolẹ̀ sínú kòtò lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n rà, wọ́n fi ọdún méjì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Onísùúrù.

Ọdún 1971 ni ọmọbìnrin aránṣọ kan wọ àdúgbò láti kọ́ṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń han bí ẹlẹ́dẹ̀, ni wọ́n bá ní kí Jẹ́jẹ́ wá bu epo sí i. Epo kán díẹ̀, ariwo dá, ṣùgbọ́n aránṣọ fúnra rẹ̀ kò dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí, olóògbé sì jókòó, wọ́n ń gbọ́. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ pàdé ẹni tí kò lè dákẹ́. Ẹlẹ́dàá tó dá ìkòkò mọ ibi tó fi ìdérí sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé. Ìyá aránṣọ yìí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Olùkọ́ nítorí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi kọ́ ọmọ aráyé ní ìwé, ń gbé nílùú kan tó jìn ní ìrìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn òkè gíga kan. Etí wọn ti di. Ọmọ wọn àgbà ti lọ sílé ọkọ pẹ̀lú mọ́tò akẹ́rù, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti yà wò wọ́n mọ́, nítorí pé mọ́tò náà kì í dé ìlú wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn kékeré pé: "Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọ, kó fi ohun ìrìnnà ara rẹ̀ wá, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí n sì fi etí ara mi gbọ́ ọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó padà sílé rẹ̀." Wọ́n dá ọjọ́: Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ọdún 1972, kí oòrùn tó dé àtàrí. Wọ́n fi kún un pé akọ̀wé kan tí ohùn rẹ̀ dùn, tó sì lè yá mọ́tò ọ̀gá rẹ̀, ti kọ̀wé pé òun náà ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ọ̀nà náà. Tí èèyàn bá ti kọjá odò, kò sí ilé epo mọ́. Inú ìgò lórí tábìlì ni wọ́n ti ń ta bẹntiróòlù, kẹrosíìnì sì ti wà nínú rẹ̀, omi díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, àti nígbà mìíràn kòkòrò kan tó kú láìmọ ohun tó pa á. Irú epo bẹ́ẹ̀ kì í jóná tán. Èyí tí kò bá jóná a di ẹ̀gbin dúdú, a lọ lẹ̀ mọ́ inú sàlẹ́ńsà, ìyẹn irin gígùn tí èéfín ń gbà jáde. Èéfín kò ní rọ́nà lọ mọ́. Ẹ́ńjìnì tí kò bá lè mí síta kò lè mí sínú, yóò gbóná, yóò gbọ̀n, yóò sì kú sídìí òkè.

Lóṣù karùn-ún, olóògbé kọ́kọ́ dán ọ̀nà náà wò. Onísùúrù kú sídìí òkè. Orí àpò sìmẹ́ǹtì nínú mọ́tò akẹ́rù ni wọ́n jókòó padà wálé, wọ́n funfun láti orí dé ẹsẹ̀, bàbá wọn sì sá wọ yàrá, wọ́n rò pé òkú ni. Lóṣù kẹfà, wọ́n yọ sàlẹ́ńsà sọ nù pátápátá. Èéfín ríbi lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ń bá a jáde, ó sì jó ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọ̀tún wọn dé orúnkún. Ta ni yóò fi ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan lọ tọrọ ọmọ? Wọ́n tún ṣẹ́rí padà, etí wọn ń han fún ọjọ́ méje. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti máa ń ki òwú bọ etí kí wọ́n tó gun alùpùpù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olóògbé fi ronú. Wọ́n rí i pé sàlẹ́ńsà kò burú, inú rẹ̀ tí kò ṣeé fọ̀ ló burú. Wọ́n gé ìdí rẹ̀, wọ́n yọ gbogbo ìdíwọ́ inú rẹ̀ dànù, wọ́n sì wá irin tó ní ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n lè ká bí ẹní, kí wọ́n tì í bọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi bóòtù kan ṣoṣo dè é. Tó bá dí lójú ọ̀nà, kí wọ́n tú bóòtù, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n finá sun ẹ̀gbin ara rẹ̀, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n dá a padà. Ọgbọ́n náà pé. Irin oníhò ló kù. Irin oníhò kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo àdúgbò sì wà lára ògiri ilé ìdáná ìyá wọn.

Ìyá bèèrè lọ́jọ́ kejì. "Jẹ́jẹ́, asẹ́ ìyẹ̀fun mi dà?"

"Ó wà nínú alùpùpù, Màámi."

"Kí ni alùpùpù ń fi asẹ́ ṣe? Ṣé òun náà fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì ni? Kàn-ìn-kàn-ìn onírin tí mo fi ń fọ agbada ńkọ́?"

"Òun ni mo wé mọ́ asẹ́ náà lára, kí ariwo lè dín kù."

Ìyá wò wọ́n títí. "Ọmọ tí mo bí jẹ́jẹ́," ni wọ́n wí, "ó ń kó mi nílé jẹ́jẹ́." Búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ náà ní kókó, àwọn oníbàárà sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ òkúta, ṣùgbọ́n Ìyá kò gba asẹ́ náà padà.

Ọjọ́bọ̀ ni olóògbé gbéra. Onísùúrù ń lọ bí ẹni tó sùn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n yọ asẹ́, tí wọ́n sun ún, tí wọ́n dá a padà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n dúró ní orítà tó kẹ́yìn kí èèyàn tó dé òkè, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onígò nítorí ìgò epo tó tò sórí tábìlì. Wọ́n yọ asẹ́, wọ́n sun ún, wọ́n gbé e lé orí òkúta kó tutù. Wọ́n ra epo. Wọ́n dé bóòtù padà, wọ́n fún un le dáadáa bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́. Wọ́n ki òwú bọ etí. Wọ́n gbéra. Asẹ́ wà lórí òkúta.

Èèyàn mìíràn kì bá ti ṣe irú àṣìṣe yìí. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kì bá ti rántí bóòtù, ẹni tí kò sì di etí kì bá ti lọ jìnnà kí ariwo tó dá a padà. Ṣùgbọ́n olóògbé di etí, wọ́n sì mọ iṣẹ́. Ẹyẹ ń fò lórí igi, ewúrẹ́ ń já okùn, àwọn ń lọ ní tiwọn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń fi inú kọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá Ìyá Olùkọ́ sọ.

Ìdí òkè ni wọ́n ti bá akọ̀wé náà. Mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ ti mu epo inú ìgò, ó sì ti mí èémí ìkẹyìn. Ó wọ kóòtù, ó ń làágùn. Olóògbé mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n sún síwájú lórí àga, wọ́n fi ọwọ́ lu àga lẹ́yìn ara wọn pé kó gùn ún. Èyí ni ìwà wọn: ọ̀nà kò mọ orogún.

Nígbà tí wọ́n fi dé ìdajì òkè, akọ̀wé náà ti pariwo títí, ó sì wá fa òwú kúrò létí wọn. "Ọ̀gá! Kí ló ń ṣe alùpùpù yìí? Ṣé ogun ni?"

Olóògbé gbọ́ ọ. Wọ́n dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ìdí sàlẹ́ńsà, wọ́n rí òfìfo. Ẹ wo ìdààmú. Bí wọ́n bá padà sí orítà, ọ̀sán á pọ́n, ìyàwó á lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀síwájú, ariwo yìí ni wọn yóò gbé dé iwájú obìnrin tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n na ọmọ aráyé nítorí ariwo. Wọ́n wo oòrùn. Wọ́n wo òkè. Wọ́n fẹsẹ̀ ta Onísùúrù. Akọ̀wé náà ń bá wọn jiyàn láti ẹ̀yìn títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ sínú ìlú.

Ìyá Olùkọ́ jókòó ní pálọ̀, ìwé lórí itan wọn. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti gbọ́ ìró òjò lórí páànù ilé ara wọn kẹ́yìn. Lójijì ni wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń tọ́ka sí pátákó ìkọ̀wé láyé ọjọ́un, wọ́n jáde.

"Ta ló ń pariwo nínú kíláàsì mi?"

Olóògbé pa ẹ́ńjìnì, wọ́n tẹríba, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ọjọ́ méjì kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára. Aránṣọ, tó ti bá mọ́tò akẹ́rù wálé ṣáájú, tó sì dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nìkan ni ẹlẹ́rìí, òun náà sì sọ pé ìdajì lòun gbọ́.

"Kí ló wí?" ni Ìyá Olùkọ́ bi ọmọ wọn.

"Màmá, ó ní—"

"Ṣé ẹnu tìẹ ni mo ní kó fi sọ ọ́?" Wọ́n yíjú sí akọ̀wé. "Ìwọ ńkọ́?"

Akọ̀wé la ẹnu. Ohun tó jáde dà bí ohùn àkùkọ tí òjò pa. Orí òkè ló fi ohùn sí.

Oòrùn ti sún mọ́ àtàrí. Olóògbé wo aránṣọ, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ohun kan ṣoṣo tó ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe. Wọ́n fẹsẹ̀ ta á. Fèrèsé ilé mì.

Ìyá Olùkọ́ sún mọ́ ọn, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àga alùpùpù, wọ́n di ojú. Ẹ̀rín ń bọ̀ lójú wọn díẹ̀díẹ̀. "Èyí ni mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Ṣé ohun tó o wá sọ nìyẹn?"

Olóògbé fún ẹ́ńjìnì níná lẹ́ẹ̀kan, ó bú ramúramù.

"Ṣé wàá máa gbé e wá wò mí, àbí o fẹ́ ṣe bíi ti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

Wọ́n tún fún un níná.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́dún?"

Wọ́n fún un níná lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ Ìyá Olùkọ́ ṣì wà lórí àga tó ń gbọ̀n. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Mo gbọ́."

Nígbà tí olóògbé ń padà bọ̀, wọ́n yà ní orítà láti gba asẹ́ wọn. Wọ́n bá a lẹ́nu ìgò. Ìyá Onígò ti tú u, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti tẹ́ aṣọ funfun sí inú rẹ̀, ó sì ń da bẹntiróòlù gba inú rẹ̀ kọjá. Iyẹ̀pẹ̀ àti omi dúró sókè, epo ń kán sísàlẹ̀, ó mọ́ kedere.

"Ìyá, tèmi ni," ni olóògbé wí.

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ń fi asẹ́ sẹ́ èéfín, èmi ń fi í sẹ́ epo. Nínú àwa méjèèjì, ta ló gọ̀?"

Olóògbé wo asẹ́, wọ́n wo ìgò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, èyí tí Ìyá Onígò sọ fún gbogbo arìnrìn-àjò títí ó fi kú. Wọ́n fi asẹ́ sílẹ̀ fún un. Wọ́n délé, wọ́n bá ìyá wọn nídìí ìyẹ̀fun, wọ́n sì bèèrè asẹ́ mìíràn. A kò ní kọ ohun tí Ìyá wí sínú ìwé tí àlùfáà yóò kà.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1973 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí àlùfáà bi olóògbé bóyá wọ́n gbà, ìjọ ní kò sẹ́ni tó gbọ́, ni Ìyá Olùkọ́ bá dìde níwájú, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ." Láti ọdún náà títí di 1990, olóògbé gbé ìyàwó wọn lọ wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìgbà mẹ́rìndínlógójì, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé orí òkè, wọn a dúró, wọn a tú bóòtù, wọn a yọ asẹ́ inú sàlẹ́ńsà sínú àpò, kí Ìyá Olùkọ́ lè gbọ́ pé àwọn ń bọ̀.

Ní ọdún 1975 ni wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù ara wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó ni: "SẸ́ EPO RẸ. JẸ́ KÍ Ẹ́ŃJÌNÌ MÍ." Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ẹni tó ń rìn jìnnà. Ní 1984, wọ́n ṣe irú sàlẹ́ńsà yìí fún agbẹ̀bí tó ń lọ sí àwọn abúlé ìkọjá odò, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ ga sókè kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ tí agbẹ̀bí náà lọ gbà sọ́wọ́ lọ́dún yẹn nìkan kún kíláàsì kan.

Nínú ìjọ, wọ́n kọ́kọ́ fún olóògbé ní ìwé mímọ́ kà, lẹ́yìn ọjọ́ kan wọ́n fún wọn ní ilẹ̀kùn ṣọ́. Wọ́n ṣọ́ ọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí ìwàásù bá ti gùn jù, olóògbé a yọ́ jáde láti lọ wò bóyá Onísùúrù ṣì lè ṣiṣẹ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́. Ìwàásù a sì parí.

Ọdún 2019 ni èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Dókítà ṣàlàyé pé èéfín ọdún pípẹ́ ló dí wọn láyà. Olóògbé fà á mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ sí i létí pé: "Ẹ tú bóòtù, ẹ yọ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà." Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti nu ojú. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìyàwó wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń gbọ́. Wọ́n mí sínú, wọ́n mí síta jẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá kí ìyàwó wọn tó dákẹ́.

Àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé ni aránṣọ, ìyàwó wọn ọ̀wọ́n, tí kò tíì sọ ìdajì ohun tó ní í sọ; ọmọ mẹ́rin: obìnrin àgbà tó jogún ṣọ́ọ̀bù, wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀, nọ́ọ̀sì kan, àti àbíkẹ́yìn tó ń tún aago ṣe; ọmọ-ọmọ mọ́kànlá; àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ń pariwo ju gbogbo ilé lọ.

Ìyá Olùkọ́ sùn lọ́dún 1991, ìlú wọn ni wọ́n sin wọ́n sí. Ìyá oníbúrẹ́dì kú lọ́dún 1994; asẹ́ mẹ́fà ló sọnù lọ́wọ́ wọn láyé wọn. Akọ̀wé náà rí ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ó fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì di oníbàárà títí ó fi kú lọ́dún 2009. Ìyá Onígò kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní orítà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé asẹ́ àkọ́kọ́ wá pé kí a gbé e sínú pósí. Ìyàwó olóògbé gbà á, ó wò ó, ó sì ní kó gbé e padà, nítorí pé àwọn èèyàn ń bọ̀ wá ra epo.

Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Olùkọ́ ni a ó sin olóògbé sí, bí wọ́n ti fẹ́. Ọmọ wọn àgbà ni yóò gun Onísùúrù síwájú. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo ńlá lórí òkè, ẹ má sá. A ó ti yọ asẹ́ inú rẹ̀, kí Ìyá Olùkọ́ lè gbọ́ pé àna wọn ń bọ̀.

Bàbá Jẹ́jẹ́, ọ̀nà yín mọ́, èémí yín sì ti já gaara. Ẹ sinmi jẹ́jẹ́, ẹ sùn dáadáa, títí a ó fi gbọ́ ìró yín lẹ́yìn òkè.